Ẹlẹ́ṣin Afẹ́ àti Ẹlẹ́ṣin Oníṣẹ́: Ìtàn Ààlà Kan nínú Eré Fífi Ẹṣin Fo Ìdènà

Ní èdè wa, ọ̀tọ̀ ni eré, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́. Ẹni tí ó ń ta ayò lábẹ́ igi ń ṣeré. Ẹni tí ó ń gbẹ́ ọpọ́n ayò tà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ta ayò títí tí ó fi di ọ̀ta, tí àwọn ènìyàn sì ń san owó fún un kí ó lè kọ́ ọmọ wọn, ṣé eré ni kí a pe tirẹ̀ ni, tàbí iṣẹ́? Ìbéèrè yìí kò le ní abẹ́ igi ayò, nítorí kò sí ẹni tí yóò tìtorí ìdáhùn rẹ̀ lé ọ̀ta dìde kúrò nídìí ọpọ́n. Ní ibòmíràn, ó le púpọ̀. Nínú eré tí a fi ń gun ẹṣin fo ìdènà ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìbéèrè yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ fún ọdún tí ó lé ní àádọ́rin. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ ẹ́, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn kan tí ó wà lára àwọn tí ó mọ ẹṣin gùn jùlọ ní ayé. Ìtàn ààlà yìí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa: bí a ti ṣe pa á, àwọn tí ó pa á, àti àwọn tí ó pa lára.

Kí a tó máa lọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé eré náà fún àwọn tí kò bá ì rí i rí. Nínú pápá kan ni a ti ń ṣe é. A ó to ìdènà bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ibẹ̀. Ọ̀pá tí a kùn ní ọ̀dà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. A gbé àwọn ọ̀pá náà lé orí ohun tí ó dá wọn dúró lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé, bí pátákò ẹṣin bá kàn wọ́n, wọn yóò já bọ́. Ẹlẹ́ṣin yóò fò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí a ti to nọ́ńbà wọn, láàárín àkókò tí a dá fún un. Ìdènà kan tí ó bá wó, àṣìṣe mẹ́rin ni. Bí ẹṣin bá kọ̀ tí kò fò, àṣìṣe ni ìyẹn náà. Ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ bá kéré jùlọ ni ó borí. Ní ibi tí àwọn ọ̀gá nínú eré yìí ti ń pàdé, ìdènà a máa ga tó mítà 1.60, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdúró àgbàlagbà ènìyàn.

Ẹni tí ó bá ń wò ó láti ẹ̀yìn ọgbà lè rò pé ẹṣin ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹṣin bá ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sí ìdí ìdènà, ìṣísẹ̀ rẹ̀ kan gùn tó mítà mẹ́ta àbọ̀ tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹlẹ́ṣin ní láti mọ̀ láti òkèèrè iye ìṣísẹ̀ tí ó kù, kí ó sì mọ̀ bóyá kí òun fa ìjánu díẹ̀ ni tàbí kí òun tú u sílẹ̀, kí ẹṣin má baà gbéra jìnnà jù tàbí kí ó sún mọ́ ìdènà jù. Ojú ni a fi ń mọ èyí, ojú náà kì í sì í là ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ń gun ẹṣin mẹ́jọ lóòjọ́ yóò fi oṣù kan rí ohun tí ẹni tí ó ń gun ẹṣin kan ní ìrọ̀lẹ́ yóò fi ọdún kan wá. Ibí yìí gan-an ni ìyàtọ̀ òtítọ́ láàárín àwọn tí ó fi í ṣeré àti àwọn tí ó fi í ṣiṣẹ́ wà. Bí a ó ti rí i, kì í ṣe ibí yìí ni àwọn aṣòfin pa ààlà sí.

Àwọn Òyìnbó ní orúkọ méjì fún irú àwọn ẹlẹ́ṣin báyìí. Èkíní ni wọ́n ń pè ní amateur. Èdè Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà, Faransé sì gbà á láti inú Látìnì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ràn nǹkan. Mo pè é ní ẹlẹ́ṣin afẹ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé ìgbádùn ọkàn rẹ̀ ni ó ń wá, kì í ṣe oúnjẹ òòjọ́. Èkejì ni professional, ẹni tí ó fi nǹkan ṣe iṣẹ́ ṣe. Mo pè é ní ẹlẹ́ṣin oníṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìtumọ̀ méjèèjì yìí, kò sí ibi tí a ti sọ pé ọ̀kan jẹ́ ọmọlúwàbí ju èkejì lọ. Àwọn ènìyàn ni wọ́n fi ìyẹn kún un.

Stockholm, olú-ìlú Súwídìn, ni eré ẹṣin ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú àwọn eré Òlíḿpíìkì ní ọdún 1912. A ti fi ẹṣin fo ìdènà ní Paris ní ọdún 1900, ṣùgbọ́n a kò tún ṣe é mọ́ títí di ti Stockholm. Ìjòyè ọmọ Súwídìn kan, Clarence von Rosen, wà lára àwọn tí ó ṣe aápọn jùlọ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ẹṣin kì í ṣe ohun ìṣeré lásán fún ìjọba. Ohun èlò ogun ni. Àwọn ọmọ-ogun ni wọ́n ní ẹṣin, àwọn ni wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn, àwọn ni wọ́n sì ní àyè. Jean Cariou, ọ̀gá ọmọ-ogun Faransé, ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá gbà nínú fífo ìdènà ní ọdún náà. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1948, ọ̀gá ọmọ-ogun ni gbogbo ẹni tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ náà: Tommaso Lequio ará Ítálì ní 1920, Alphonse Gemuseus ará Swítsàlandì ní 1924, František Ventura ará Tsẹkosilofákíà ní 1928, Takeichi Nishi ará Jàpáánì ní 1932, Kurt Hasse ará Jámánì ní 1936, àti Humberto Mariles ará Mẹ́síkò ní 1948.

Afẹ́ ni a pe gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìjọba ni ó ń san owó oṣù wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìjọba ni ó ń bọ́ ẹṣin tí wọ́n ń gùn, ìjọba ni ó kọ́ wọn ní gígùn rẹ̀, ó sì wà nínú iṣẹ́ wọn láti máa gùn ún lójoojúmọ́. Bí a bá fi owó nìkan wọn ọ̀rọ̀ yìí, kò sí oníṣẹ́ tí ó jù wọ́n lọ. Síbẹ̀ òfin sọ pé afẹ́ ni wọ́n.

Ní Stockholm kan náà yìí, ní ọdún 1912 kan náà yìí, Jim Thorpe, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ti ìran àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà kí àwọn Òyìnbó tó dé, gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà méjì nínú eré sísá àti fífò. Ní ọdún 1913, a gba àmì-ẹ̀yẹ méjèèjì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé a gbọ́ pé ó ti gba owó táṣẹ́rẹ́ rí nígbà tí ó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, eré mìíràn pátápátá. Ọdún 1983 ni a tó dá ẹ̀yẹ náà padà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti kú láti ọdún 1953. Ọmọ tálákà gba owó díẹ̀ lórí eré kan, ó sì pàdánù ẹ̀yẹ eré mìíràn. Ọ̀gá ọmọ-ogun ń gba owó oṣù lórí ẹṣin, ó sì jẹ́ afẹ́. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe owó nìkan ni òfin náà ń wò.

Kí ni ó ń wò nígbà náà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1879, àwọn tí ń darí ìdíje ọkọ̀ wíwà ní Henley fi í sínú òfin pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ìbáà ṣe oníṣẹ́ irin tàbí alágbàṣe, kì í ṣe afẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí ó yé wa: irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má gba kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ wíwà láti ìgbà tí a ti bí i, nítorí pé ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun, a kò ní gbà á. Ẹ̀rù pé ọ̀wọ́ tí ó ti le yóò borí ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ rí wà nínú rẹ̀. Ìgbéraga àwọn ọlọ́lá tí kò fẹ́ bá ọmọ ọ̀dọ̀ dọ́gba sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ipò ni òfin náà ń wọ̀n, ó wulẹ̀ da aṣọ owó bo ara ni.

Ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń darí eré ẹṣin ni a dá sílẹ̀ ní ọdún 1921, irú ìdíwọ̀n yìí ni ó sì wà nínú òfin tí a fi ń yan àwọn ẹlẹ́ṣin fún Òlíḿpíìkì. Ọ̀gá ọmọ-ogun lè wọlé. Ará ìlú tí kò fi ẹṣin jẹun lè wọlé. Ṣùgbọ́n sájẹ́ńtì àti ọmọ-ogun lásán kò lè wọlé, nítorí pé oníṣẹ́ ni a kà wọ́n sí. Ilé ẹṣin kan náà ni ọ̀gá àti sájẹ́ńtì ń bá ṣiṣẹ́; lọ́pọ̀ ìgbà, sájẹ́ńtì ni ó ń kọ́ ọ̀gá. Àmì tí ó wà ní èjìká ẹ̀wù nìkan ni ó sọ ọ̀kan di afẹ́, tí ó sì sọ èkejì di oníṣẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dé bá jùlọ kì í ṣe ẹni tí ń fo ìdènà. Ará Súwídìn kan ni, Gehnäll Persson ni orúkọ rẹ̀, eré kejì tí a ń fi ẹṣin ṣe ni ó sì ń ṣe, èyí tí a fi ń wo bí ẹṣin ti ń gbọ́ràn sí ẹni tí ó gùn ún. Mo mú un wọ inú ìtàn yìí nítorí pé òfin kan náà ni ó de àwọn eré ẹṣin méjèèjì. Sájẹ́ńtì àgbà ni Persson nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí eré Òlíḿpíìkì ti Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀ ní ọdún 1948, àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbé e ga sí oyè ọ̀gá tí ó kéré jùlọ, kí ó lè bá òfin mu. Òun àti Henri Saint Cyr àti Gustaf Adolf Boltenstern sì jọ gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ti ẹgbẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n padà dé ilé, a dá Persson padà sí ipò sájẹ́ńtì rẹ̀. Àwọn aláṣẹ eré ẹṣin gbọ́, wọ́n wádìí ọ̀rọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1949, wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ Súwídìn, wọ́n gbé e fún Faransé.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Persson sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹṣin ni ó gbé e ṣubú. Kò sí adájọ́ kan tí ó sọ pé kò mọ ẹṣin gùn. Ẹṣin tí ó gùn ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ bóyá sájẹ́ńtì ni ó wà lẹ́yìn òun tàbí ọ̀gá. Ẹjọ́ náà sì ti ojú àwọn aṣòfin fúnra wọn. Nígbà tí ó máa fi di ọdún 1952, ní Helsinki, wọ́n ti yí òfin padà: a gba àwọn ọmọ-ogun tí kì í ṣe ọ̀gá láàyè. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan náà, Persson, Saint Cyr àti Boltenstern, sì lọ sí ibẹ̀, wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà náà padà. Wọ́n tún gbà á ní ọdún 1956. Èsì wo ni ó tún lè mọ́ gaara jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Báyìí ni ààlà tí a fi ipò pa ṣe wó. Ṣùgbọ́n òmíràn ti ń bọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ogun ti gba ipò ẹṣin, àwọn ìjọba sì ń tú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin wọn ká. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1948 ni àwọn ọmọ-ogun ṣojú orílẹ̀-èdè wọn kẹ́yìn nínú eré ẹṣin Òlíḿpíìkì. Ní ọdún 1950, àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, owó ìtọrẹ ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní 1952, Pierre Jonquères d'Oriola, ará Faransé tí ìdílé rẹ̀ ń gbin èso àjàrà, di ará ìlú àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà tí àwọn ọ̀gá ọmọ-ogun ti ń gbà láti 1912. Ní ọdún kan náà, Harry Llewellyn, ọmọ ìdílé tí ó ní ibi ìwakùsà èédú ní Wales, gun ẹṣin rẹ̀ tí ń jẹ́ Foxhunter ní Helsinki. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wọ pápá, àṣìṣe rẹ̀ lé ní mẹ́rìndínlógún. Ní ìgbà kejì, kò ṣe àṣìṣe kankan, ìyẹn ni ó sì mú kí ẹgbẹ́ Bìrìtéènì gba wúrà. Òun nìkan ni wúrà tí orílẹ̀-èdè náà gbà nínú gbogbo eré ọdún náà.

Ìbéèrè tuntun wá dé. Bí kì í bá ṣe ìjọba ni ó ń bọ́ ẹṣin mọ́, ta ni yóò máa bọ́ ọ? Ẹṣin ń jẹ ní ọjọ́ eré, ó ń jẹ ní ọjọ́ ìsinmi. Ó ní ẹni tí ń kan bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní oníṣègùn, ó ní ọkọ̀ tí a fi ń gbé e, ó sì ní atọ́jú tí ó gbọdọ̀ jẹun. Ọmọ ọlọ́rọ̀ lè ṣe gbogbo èyí kí ó sì máa jẹ́ afẹ́. Ẹni tí kò ní baba ọlọ́rọ̀ ní láti wá ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wá ọ̀nà ni Pat Smythe, ọmọbìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Baba rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń gba àlejò sílé fún owó kí wọ́n lè tọ́jú ẹṣin wọn. Pat kọ ìwé púpọ̀, àti fún ọmọdé àti fún àgbà, láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Títí di 1952, a kò gba obìnrin láàyè láti fo ìdènà nínú Òlíḿpíìkì. Ní 1956, nígbà tí a gbà wọ́n, ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé, ó sì bá ẹgbẹ́ Bìrìtéènì gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà.

Ní òdìkejì òkun, Harry deLeyer, ọmọ ilẹ̀ Holland tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní ẹṣin gígùn ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Long Island. Ní ọdún 1956, ó pẹ́ dé ọjà ẹṣin ní Pennsylvania. Àwọn ẹṣin tí ó kù nílẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ tí ń kó wọn lọ sí ibi ìpẹran. Ó rí funfun kan láàárín wọn tí ojú rẹ̀ balẹ̀, ó sì rà á ní dọ́là 80. Ó pè é ní Snowman. A sọ pé ó ta ẹṣin náà fún aládùúgbò kan, ṣùgbọ́n ẹṣin náà ń fo ọgbà padà wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ohun ńlá ni òun ní. Ní 1958 àti 1959, Snowman borí gbogbo ẹṣin tí ń fo ìdènà ní Madison Square Garden ní New York. Ẹni tí ó gùn ún borí àwọn ọlọ́rọ̀ àti ẹṣin olówó iyebíye wọn, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ni, nítorí pé kíkọ́ ènìyàn ní ẹṣin gígùn ni oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀nà Òlíḿpíìkì kò ṣí fún irú rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó ra ẹṣin dọ́là 80 ni a kà sí oníṣòwò. Ẹni tí ó ra ẹṣin ọ̀kẹ́ àìmọye ni a kà sí olùfẹ́ eré.

Nígbà tí ọwọ́ bá le báyìí, àrékérekè a máa wọlé. Láti ọdún 1952 títí di 1972, Avery Brundage, ará Amẹ́ríkà, ni ó ń ṣe olórí ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn pé owó ń ba eré jẹ́. Nítorí náà, àwọn ẹlẹ́ṣin kọ́ bí a ti ń gba owó láìjẹ́ pé a rí i. Bí ẹṣin bá gba ẹ̀bùn owó, a ó ní ẹni tí ó ni ẹṣin ni ó gbà á. Bí ẹlẹ́ṣin bá kọ́ ẹṣin títí ó fi mọ̀ ọ́n fò, tí ó sì tà á ní ìlọ́po owó tí ó rà á, a ó ní ọjà ni, kì í ṣe iṣẹ́. Olúkúlùkù mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Olúkúlùkù ń wo ibòmíràn. N kò sọ pé gbogbo wọn ni ó ń purọ́. Ní 1968, ní Mẹ́síkò, Marion Coakes, ọmọ àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gun Stroller, ẹṣin kékeré tí ó ti ń gùn láti ìgbà ọmọdé rẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ ní pípè ní olùfẹ́ eré, irú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òfin tí ó dá irú rẹ̀ mọ̀ kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ gba owó.

Lẹ́yìn eré ti ọdún 1972, ọ̀rọ̀ náà dé ojú ẹ̀. Prince Philip, ọkọ ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ àgbáyé ti eré ẹṣin láti 1964 títí di 1986. A rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n sọ òtítọ́: kí ẹni tí ó ń fi ẹṣin jẹun máa jẹ́ oníṣẹ́. Bìrìtéènì gbọ́, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. David Broome, tí ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà ní 1960 àti ní 1968, di oníṣẹ́; Harvey Smith náà di oníṣẹ́, àti àwọn mìíràn pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè yòókù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹni tí ó sọ òtítọ́ jókòó sílé, ẹni tí ó dákẹ́ sì lọ síbi eré. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti ṣẹ sí Bìrìtéènì lára nìyẹn.

Òfin tí ó ń fìyà jẹ olóòótọ́ kì í pẹ́. Ní 1974, ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì yọ ọ̀rọ̀ náà gan-an, amateur, kúrò nínú òfin rẹ̀. Ní 1986, ó gbà pé kí ẹgbẹ́ tí ń darí eré kọ̀ọ̀kan máa pinnu bóyá oníṣẹ́ lè wọlé. Ní 1987, Rodney Jenkins, oníṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ní Amẹ́ríkà fún ọdún pípẹ́ láìlè wọ Òlíḿpíìkì, ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú eré ìdíje àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1988, David Broome gun ẹṣin tí ń jẹ́ Countryman ní Seoul, ó sì wà ní ipò kẹrin. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó wà láàárín Òlíḿpíìkì yìí àti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Ta ni yóò san ọdún wọ̀nyí padà fún un?

Bí nǹkan ti rí lónìí yàtọ̀ púpọ̀. Nínú Òlíḿpíìkì, oníṣẹ́ ni ó pọ̀ jùlọ. Nick Skelton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọrùn ṣẹ́ ní ọdún 2000, a rò pé ó ti parí. Ní 2016, nígbà tí ó di ẹni ọdún 58, ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní Rio lórí Big Star, ẹṣin tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ìgbésí ayé oníṣẹ́ ti rí nìyẹn: ẹṣin olówó ni ó ń gùn, bí olówó bá sì yí ọkàn padà, a lè tà á mọ́ ọn nídìí. Ẹlẹ́ṣin afẹ́ ní tirẹ̀ kò pòórá. Ó ní ìpele tirẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀, pàápàá ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìdènà kò ti ga tó ti àwọn oníṣẹ́, kí akọ̀wé tàbí dókítà tí ó ń gun ẹṣin kan lẹ́yìn iṣẹ́ má baà máa bá ẹni tí ó ń gun mẹ́jọ lóòjọ́ díje. Ohun tí ó dára ni èyí. Nígbà àtijọ́, a fi ààlà náà dènà àwọn tí ó mọṣẹ́. Nísinsìnyí, a fi ń dáàbò bo àwọn tí kò ní àyè.

Síbẹ̀, ara ìbéèrè àtijọ́ kò tíì balẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tí ó ti dàgbà tí ó sì gba owó láti gun ẹṣin ẹlòmíràn ti di oníṣẹ́, kódà bí kò bá tíì borí nínú ìdíje kankan rí. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tálákà tí ó ń gun ẹṣin ọlọ́jà kí ó lè san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò bá àwọn ọ̀gá díje. Ọlọ́rọ̀ tí ó ra ẹṣin tí oníṣẹ́ ti kọ́ parí, tí ó sì ní olùkọ́ lójoojúmọ́, yóò bá àwọn afẹ́ díje. Sájẹ́ńtì kò sí nínú ìtàn mọ́, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Èrò tèmi ni èyí. Kò burú kí a ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́, bí a bá fi bí ẹnìkan ti mọ nǹkan ṣe tó àti àyè tí ó ní wọn ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó burú ni kí a sọ pé ìfẹ́ ẹni tí kò gba owó mọ́ ju ìfẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ̀ pé owó oṣù tí a ń gbà ní ìparí oṣù kò sọ ìfẹ́ tí a ní sí ọmọ àti sí èdè wa di òwò. Harry deLeyer gba owó láti kọ́ni ní ẹṣin gígùn, síbẹ̀ ìfẹ́ ni ó mú kí ó rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí ibi ìpẹran. Snowman kò bi í léèrè bóyá afẹ́ ni tàbí oníṣẹ́ kí ó tó fò.